Ọ̀nà Ọkọ̀ Wàrà

Kò, kò, kò! Láti inú ilé ìdáná, Normand tún ń fi ọ̀pá ìtilẹ̀ gbá gíláàsì fèrèsé.

Lisette, ìyàwó rẹ̀, kọtí ikún sí i. Orí katakata kékeré náà ló wà, yìnyín olómi ti rin aṣọ rẹ̀ wọ egungun, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ yìnyín níwájú katakata sì tún ti há lọ́fun. Ó pa iná rẹ̀, ó sọ̀kalẹ̀, ó ki igi bọ ọ̀nà ọ̀fun irin náà, ó ń ha á jáde bí ẹni ń ha ìsàlẹ̀ ìkòkò. Ó gun katakata padà, ó ṣáná sí i, ó rìn díẹ̀, ó tún há.

Yìnyín oṣù kẹta burú jọjọ. Ti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún fúyẹ́. Ẹ̀rọ á gbé e mì, á tu ú sínú oko bí ìyẹ̀fun, èèyàn á sì wà níbẹ̀ á máa kọrin. Èyí kì í ṣe yìnyín mọ́, omi tó kọ̀ tí kò fẹ́ ṣàn ni. Ó wúwo bí ẹ̀kọ tútù, kò sì sí irin tí kì í lẹ̀ mọ́.

Bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ tó ń wá fa wàrà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé. Táńkì inú ilé màlúù ti kún dé ẹnu. Bí ọkọ̀ náà kò bá rí ọ̀nà gun òkè wọlé, wàrà tí wọ́n máa fún nírọ̀lẹ́ kò níbi tí wọ́n máa dà á sí, àfi kí wọ́n ṣí ìdí táńkì, kí wọ́n jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ ṣàn lọ sínú kòtò. Ní Sainte-Aurore, ìtìjú wo ló tún ju ìyẹn lọ? Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo abúlé á ti gbọ́ pé àwọn Normand da wàrà nù. Wọn á káàánú. Wọn á ní kí wọ́n kúkú ta màlúù wọn, kí wọ́n lọ jókòó.

Kò, kò, kò!

"Kí ló dé gan-an?" Lisette kígbe. Kò dúró gbọ́ èsì, nítorí èsì kò lè gba inú gíláàsì. Láti ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú Normand nígbà tí ewé ń já bọ́ lára igi, apá ọ̀tún rẹ̀ kú, ìdajì ẹnu rẹ̀ náà sì wọ́ sísàlẹ̀. Lisette nìkan ló ń bá sọ̀rọ̀. Bí ọmọbìnrin wọn bá pè láti ìlú ńlá, á kàn kan tábìlì lẹ́ẹ̀mejì, ìyẹn ni pé ó ti gbọ́.

Lójijì irin tó ń yí nínú ẹ̀rọ náà dúró. Lisette mọ̀ ọ́n. Bóòtù kékeré tó de irin náà mọ́ ẹ̀rọ ti já. Wọ́n dìídì ṣe bóòtù yẹn kó rọ̀ ni, kó lè jẹ́ pé bí irin bá kọ lu òkúta tàbí yìnyín dídì, òun ni yóò kú, tí ẹ̀rọ á sì yè. Ó wọ yàrá irinṣẹ́, ó tú páálí ibi tí wọ́n ń kó wọn sí. Kò ku ẹyọ kan.

Ó wọ ilé ìdáná lọ pẹ̀lú bàtà tó ń kán omi.

"Bóòtù ti tán. Ṣé o kó òmíràn pamọ́ síbì kan ni?"

Normand nawọ́ òsì sí agolo tó wà lókè fìríìjì. "Èyí... líle."

"Líle bí ti báwo? Ìwọ ni wọ́n sọ fún nílé ìtajà pé kó o má fi bóòtù líle síbẹ̀!"

"Mo máa ń... fi... sí i." Ó fi ọ̀pá nalẹ̀. "Kì í... já."

Òótọ́ ni, ó máa ń fi sí i. Gbogbo ọkùnrin ojú ọ̀nà yẹn ló máa ń fi sí i, wọ́n á sì máa fi yangàn níwájú ṣọ́ọ̀ṣì pé àwọn kì í ṣe ẹni tí yóò fi gbogbo ìgbà òtútù pààrọ̀ bóòtù. Lisette mọ̀ pé kò dáa. Ó wo aago, ó wo ojú ọ̀nà, ó mú bóòtù náà, ó lọ fi sípánà dè é pinpin.

Fún ìgbà díẹ̀, ó ṣiṣẹ́ dáadáa. Ó sọ̀kalẹ̀ dé ìdí ọ̀nà, níbi tí katakata ìjọba tó ń ro títì ti wọ́ ebè yìnyín jọ dí ẹnu ọ̀nà wọn, tó sì ti dì gan-in lóru. Ó kọ lù ú. Gbàgà! Bóòtù kò já o. Inú ẹ̀rọ ló fọ́, ọ́ìlì dúdú sì ń ṣẹ́ sórí yìnyín funfun.

Lisette kó orúkọ gbogbo ohun tó wà lórí pẹpẹ ṣọ́ọ̀ṣì sẹ́nu, ife ọtí, búrẹ́dì mímọ́, àti àpótí tí wọ́n ń kó o sí, ó tò wọ́n tẹ̀léra, ó fi wọ́n bú ẹ̀rọ náà, bí àwọn èèyàn rẹ̀ ṣe máa ń ṣe tí ọ̀rọ̀ bá ti kọjá ẹ̀pè lásán. Orí èyí ni ọkọ̀ wàrà bá a.

Yannick, ọmọkùnrin tó ń wà á, yọrí jáde lójú fèrèsé. "Ẹ pẹ̀lẹ́, màmá. Ọkọ̀ yìí ò lè gun èyí láéláé."

"Mo lójú, Yannick."

"Màá lọ fa tàwọn yòókù, màá sì tún gba ibí kọjá lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Tí ọ̀nà ò bá tíì là nígbà yẹn, màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi."

Ó lọ. Ní òdìkejì títì, ọgbà Gaétan mọ́ tónítóní, ilẹ̀ dúdú ń hàn, katakata ńlá rẹ̀ tó ní ọkọ́ níwájú sì dúró síbẹ̀ bí ọba. Gaétan ni àbúrò Normand. Ó ti pé ọdún mẹ́fà tí wọn ò ti kí ara wọn. Lágbègbè yẹn, yìnyín ilé ẹni, ilẹ̀ ẹni ló ń gbé. Normand fẹ́ tirẹ̀ kọjá títì, ó bo àpótí lẹ́tà Gaétan mọ́lẹ̀, Gaétan fi ẹjọ́ sùn ní ọ́fíìsì abúlé, ó parí. Nígbà tí àìsàn dé, Gaétan wá sí ọsibítù. Normand kọjú sí ògiri títí ó fi lọ.

Lisette wọlé, ó mú fóònù.

"Má... pè é," Normand wí.

"Gbẹ́nu ẹ dákẹ́!" Ó pè é. "Gaétan, Lisette ni."

"Mo mọ̀, ìyàwó wa. Mo ti ń wò yín látàárọ̀."

"O ń wò mí, o wá jókòó tẹtẹrẹ?"

"Kí ni kí n ṣe? Ilẹ̀ ẹni tó kọ̀yìn sí mi lórí bẹ́ẹ̀dì, kí n wá wa katakata gorí ẹ̀? Kó pè mí fúnra ẹ̀. Ẹnu ẹ̀ ò ṣáà dùn ún."

Gaétan kò mọ̀ pé àìsàn náà ti mú ẹnu Normand. Ta ni ìbá sọ fún un? Lisette yíjú sí ọkọ rẹ̀. Normand ń mi orí kíkankíkan, ó fi ọwọ́ òsì bo ibi tí ẹnu rẹ̀ ti wọ́. Ìgbà yẹn ló tó yé e pé kì í ṣe ìkà ló mú un kọjú sí ògiri.

Ó káàánú rẹ̀. Ara sì tún ta á ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

"Gbọ́ mi, Normand. Èmi ni ọwọ́ ẹ, èmi ni ẹsẹ̀ ẹ. Èmi ni mò ń fún màlúù, èmi ni mò ń fẹ́ yìnyín, èmi ni mo fi bóòtù ẹ ba ẹ̀rọ jẹ́. Mi ò lè jẹ́ ẹnu ẹ mọ́. Ó ti sú mi!" Ó tẹ fóònù kó lè máa sọ̀rọ̀ síta, ó gbé e ka iwájú rẹ̀ lórí tábìlì. "Òun nìyẹn. Tó o bá fẹ́, jẹ́ kí wàrà lọ."

Normand wo fóònù náà bí ẹni wo ejò. Ó sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀ kúrò lẹ́nu.

"Gaé... Gaé..." Itọ́ ń dà sí i lágbọ̀n. "Wà... wàrà... ti kún."

Normand fi ẹ̀yìn ọwọ́ òsì nu àgbọ̀n rẹ̀.

"Gaé... tan."

"Normand?" Ohùn Gaétan ti wálẹ̀ pátápátá. "Ìwọ nìyẹn?"

"Èmi... ni."

Wọ́n gbọ́ nígbà tí àga ṣubú. Wọ́n gbọ́ nígbà tí ilẹ̀kùn gbá. Kò sẹ́ni tó pa fóònù náà, ohùn ìyàwó Gaétan ló kù tó ń dún látinú rẹ̀: "Gaétan! Níbo lò ń lọ? Gaétan, o ò wọ bàtà o!"