Orin Tí Mo Kọ Mọ́ Afoussath

Ọdún mọ́kànlá ni èmi àti Afoussath, ìyàwó tí ọkọ wa fẹ́ lé mi, fi gbé agbolé kan náà ní àdúgbò Akron láì kí ara wa. Yẹtí wúrà mi ló sọnù. Mo ní òun ló mú un, mo sì fi kọrin, èmi tí ẹnu mi kì í sinmi orin! Kò pẹ́ tí àwọn ọmọ àdúgbò gbà á lẹ́nu mi:

"Ọwọ́ ta ló yá jù nínú ilé wa?
Ẹ bi ẹni tó wọ yàrá ìyáálé."

Lọ́jọ́ ogbó ni ìwé kíkọ wá wù mí. Mo wọ kíláàsì àwọn àgbà ní Houinmè. Ọjọ́ tí mo kọ orúkọ ara mi, ijó ni mo jó délé. Afoussath náà wá. Ẹ̀yìn ló ń jókòó sí.

Naïmath, ọmọbìnrin tó ń kọ́ wa, kò mọ ìtàn wa. Ó ní ká ṣeré ilé ẹjọ́, ká lè mọ ọ̀rọ̀ bí ẹ̀rí, ẹlẹ́rìí, olùjẹ́jọ́, ká sì lè to gbólóhùn bó ṣe yẹ. Adìyẹ ló sọnù nínú eré náà. Adizatou ẹlẹ́ja ṣe adájọ́, ó fi gèlè dúdú bo èjìká. Naïmath fi Afoussath ṣe olùjẹ́jọ́, ó fi mí ṣe ẹlẹ́rìí. Àwọn tó mọ orin mi ń wo ojú ara wọn.

Naïmath fa ìlà sójú pátákó: apá kan "Mo rí", apá kejì "Mo rò".

"Ìyá Chitou, kí lẹ rí?" Adájọ́ ló bi mí.

"Mo rí i tó ń jáde ní yàrá mi."

"Yàrá? Ṣé inú yàrá lẹ ti ń sin adìyẹ ní Akron?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo rí. Ìgbálẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀."

Naïmath kọ ọ́ sábẹ́ "Mo rí".

"Kí ló kù?" Adájọ́ tún bi mí.

"Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé òun ni."

"Ta ló sọ fún wọn?"

"Orin mi ni."

Afoussath dìde. "Adájọ́, ẹ̀yìn ló ń dun ìyáálé mi lọ́jọ́ náà. Mo bá wọn gbálẹ̀ ni. N kò rí yẹtí kankan."

Adizatou bọ́ gèlè èjìká rẹ̀. "Eré ti parí, Ìyá Chitou. Ẹ̀rí yín ò tó. Ìta lẹ ti kọrin, ìta náà ni kẹ́ ẹ ti kọ òmíràn."

Nírọ̀lẹ́, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà agbolé wa. Ohùn àtijọ́ náà ni mo fi kọ ọ́:

"Ìgbálẹ̀ ni mo rí lọ́wọ́ ìyàwó wa,
N kò rí yẹtí, irọ́ ni mo kọ."

Títí dòní n kò rí yẹtí náà. Afoussath jáde, ó dúró tì mí. Nígbà tí mo tún un kọ, ó bá mi gberin.