Bẹ́ǹṣì Tí Wọ́n Fi Dáná fún Nevena

Inú ọkọ̀ ojú irin ni wọ́n bí Nevena sí, lórí òkè Ródópì, lọ́dún tí yìnyín bo ojú irin mọ́lẹ̀ tí ẹ̀ńjìnnì kò lè lọ síwájú, tí kò sì lè padà sẹ́yìn. Èédú tó wà fún ààrò kékeré inú ọkọ̀ èrò náà ti tán, òtútù sì fẹ́ gbé ìkókó lọ. Ni agbatíkẹ́ẹ̀tì, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Stoimen, bá gbé àáké, ó fọ́ bẹ́ǹṣì ìjọba, ó fi koná. Ọmọ yè. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀gá Stoimen kò rí ọmọ, bẹ́ǹṣì ni wọ́n rí. Wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

“Wá ọkùnrin yẹn bá mi dúpẹ́,” ni ìyá Nevena máa ń wí títí ó fi kú. Nevena wá a tì.

Ó ti di ìyá àgbà kó tó gbọ́ pé wọ́n ń tún ọkọ̀ èrò àtijọ́ kan ṣe ní ibùdókọ̀ ojú irin, èyí tí darandaran kan ti sọ di ilé àgùntàn. Ó gba ibẹ̀ lọ. Ó bá Dimo, ọ̀gá káfíńtà, níbi tó ti ń ha ọ̀dà ara ọkọ̀ náà, tí àwọ̀ pupa àkọ́kọ́ ti ń yọjú lábẹ́ àwọ̀ ewé. Nínú ọkọ̀, igun kan ṣófo, kò sí bẹ́ǹṣì níbẹ̀.

“Bóyá àgùntàn ló jẹ ẹ́,” ni Dimo wí.

“Èmi ni mo jẹ ẹ́,” ni Nevena fèsì.

Dimo rẹ́rìn-ín títí ó fi gbọ́ ìtàn náà tán. Ó ju irin ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. “Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún orúkọ yẹn pè. Stoimen ló fi ibi tí ọkọ̀ yìí wà hàn wá! Oyin ló ń sìn báyìí, ní abúlé òkè yẹn.”

Lọ́jọ́ náà gan-an ni Nevena gbé bánítsà gbígbóná, búrẹ́dì oníwàràkàṣì, dání, ó lọ bá bàbá arúgbó náà, ó tẹ̀ ba, ó fẹnu ko ọwọ́ rẹ̀.

“Bàbá, èmi ni ìkókó inú yìnyín.”

Stoimen tẹjú mọ́ ọn. “Ìwọ kọ́ lo pariwo ju fèrè ẹ̀ńjìnnì lọ yẹn?”

“Iṣẹ́ yín bọ́ nítorí mi.”

“Iṣẹ́ kẹ̀? Oyin ò béèrè yúnifọ́ọ̀mù lọ́wọ́ mi. Ohun tó dùn mí ni pé wọ́n gbé ìwọ àti ìyá rẹ sọ̀kalẹ̀ lọ, n kò sì mọ̀ bóyá o yè.” Omi lé ròrò sí i lójú. “O ṣeun tóo yè, ọmọ mi.”

Nevena ló yẹ kó dúpẹ́. Ẹkún ló sun. Bàbá ti àwo bánítsà sí i: “Gé e, kó má tutù.”

Nevena kó pákó tó ti fẹ́ fi ṣe ilẹ̀kùn ilé ara rẹ̀ lọ fún Dimo, ìyẹn sì fi kan bẹ́ǹṣì tuntun. Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ náà tún gun òkè, àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ Nevena jókòó kún ìlà kan fọ́fọ́.

“Gbogbo èyí látinú bẹ́ǹṣì kan?” ni Stoimen, tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì tuntun náà, bi í.

“Bàbá, àwọn kan ṣì wà nílé o.”

Arúgbó náà bú sẹ́rìn-ín, ó sún, ó fi ẹ̀gbẹ́ fèrèsé sílẹ̀ fún èyí tó kéré jù nínú wọn.