Ọparun Ìyá Haneef

2
(Abala kìíní ti ya kúrò. Ara ilẹ̀kùn yàrá irinṣẹ́ ni mo ti rí ìyókù.)

...nítorí náà, láti òní lọ, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi ọparun gbọn ìrì lórí koríko mọ́. Àwọn àlejò ń fi wá rẹ́rìn-ín. A ti ra oògùn àrùn koríko.
Walter, Akọ̀wé Ẹgbẹ́ Gọ́ọ̀fù

3
Ọdún mọ́kàndínlógún rèé tí Ràmọ́tà, ìyá Haneef, ọ̀gá àwọn tó ń tọ́jú pápá, ti ń ti Ìmùṣin wá lẹ́yìn ìrun àsùbá. Á wọ́ ọparun gígùn kọjá lórí koríko kúkúrú tó yí ihò ká, ìrì á gbọ̀n dànù, koríko á tètè gbẹ. Ọparun rẹ̀ kì í fi àpá sílẹ̀. Ó mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹni tí kò bá mọ̀, á sọ fún un.

4
Ohun tó pe ìkéde náà: ìsọkúsọ.

5
Síbẹ̀ ó gbọ́ràn fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ìrì ń pẹ́ lórí koríko. Ní ihò keje, àmì funfun mọ́kànlá yọ, bíi búrẹ́dì tó bu. Ó dùn ún débi pé ó sunkún.

6
WALTER: Ìdíje ku ọjọ́ márùn-ún, Ìyá Haneef. Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀dà kùn ún.
RÀMỌ́TÀ: Koríko kì í ṣe ògiri, sà. Ẹ jẹ́ n gbọn ìrì.
WALTER: Rárá o. Ẹni tí mo bá ká ọparun mọ́ lọ́wọ́, kó máa lọ sílé ni.

7
Àmì ní ihò keje, nínú ìwé Ràmọ́tà:
Ajé, mọ́kànlá
Ìṣẹ́gun, mọ́kànlá
Ọjọ́rú, mẹ́jọ
Ọjọ́bọ̀, márùn-ún
Jímọ̀, méjì, àlejò ò lè rí i

8
Wásáàpù, Òṣìṣẹ́ Pápá. Sátidé, aago méje.

Walter: Ẹ káàárọ̀. A dúpẹ́, oògùn ti ṣiṣẹ́ ní ihò keje. Àmọ́ ìrì wà níbi gbogbo, ibẹ̀ nìkan ló gbẹ. Ta ló gbé ọparun?

Abdulbasit: Èmi ni, sà.

Matilda: Irọ́ ló ń pa, sà. Èmi ni.

Bọ́dúnrìn: Èmi ni sà, ẹ má bínú.

9
Ràmọ́tà ń kà á ní ihò keje. Bó bá dákẹ́, ó ti bọ́ nìyẹn. Ṣé Walter á lé èèyàn mẹ́ta lọ́jọ́ ìdíje ni? Inú rẹ̀ dùn sáwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀.

Ó tún ka ibi tí Walter ti dárúkọ oògùn.

Ó tún un kà.

10
Ìyá Haneef: Ẹ má dá wọn lóhùn, sà. Ọmọ dáadáa ni wọ́n, àmọ́ kò séyìí tó mọ ọparun mú nínú wọn. Ká ní àwọn ni, ẹ̀ bá ti rí àpá. Èmi ni. Kì í ṣe oògùn.

11
Walter ń kọ̀wé...

Walter dáwọ́ dúró.

Walter ń kọ̀wé...

12
Ràmọ́tà ti fóònù bọ àpò, ó gbé ọparun. Ìrì ṣì wà ní ihò kẹjọ.