Kọ̀ǹpútà Tí A Wọ̀ Lẹ́wù

Aláṣọ-àga ni ọkọ, rírán aṣọ bo àga ni ó sì fi ń jẹun. Kò sí ohun tí ó bá dákẹ́ pẹ́ nínú ilé rẹ̀ tí kì í wọ ẹ̀wù. Àga wọ ọ̀rá, tábìlì wọ ọ̀rá, tẹlifíṣọ̀n pàápàá ní ẹ̀wù òtútù tirẹ̀. Aya rẹ̀ wí títí ẹnu rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bó, kí ó tó mú un jẹ́ ẹ̀jẹ́ pé kò ní í bo ohunkóhun mọ́ nínú ilé náà.

Ṣùgbọ́n obìnrin náà ra kọ̀ǹpútà àgbélétan kan, irú èyí tí a ń fi ìka yàwòrán sí lójú, ojú náà sì ń dán bí omi àmù. Ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yún ọkọ. Nígbà tí aya lọ kí ìyá rẹ̀, ọkọ gé ọ̀rá tí ó mọ́ gaara tí ó sì nípọn jù lọ nínú ìsọ̀ rẹ̀, ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ létí létí mọ́ ojú kọ̀ǹpútà náà. Kò sí ojú ìránpọ̀, kò sí ìhunjọ. Eṣinṣin pàápàá kò lè fura.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, aya, tí ó jẹ́ ayàwòrán, jókòó ti iṣẹ́. Àwòrán ẹ̀yìn ìwé àwọn ọmọdé ni àwọn òǹtẹ̀wé gbé fún un, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ láyé rẹ̀, ojú ẹyẹ inú rẹ̀ nìkan ni ó sì kù. Bí ọ̀sán bá pọ́n kí ó tó fi ránṣẹ́, ẹlòmíràn ni wọn yóò gbé iṣẹ́ náà fún. Ó fi ìka kan kọ̀ǹpútà lójú, kò mira. Ó tẹ̀ ẹ́, ó fọwọ́ ra á. Òkúta ìbá dá a lóhùn jù ú lọ. Máòsì ń ṣiṣẹ́ o, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi máòsì ya ojú ẹyẹ dà bí ẹni tí ń fi ìgbọ̀nwọ́ kọ̀wé.

Ni ó bá ránṣẹ́ pe àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ títún kọ̀ǹpútà ṣe. Ìyẹn pa á, ó tún un tàn. Ó fi aṣọ nù ún lójú, ó yọ wáyà iná rẹ̀, ó yẹ ètò inú rẹ̀ wò láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ọkọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń bi í léèrè bóyá òtútù ni ó mú un. Níkẹyìn àbúrò ní kò sí ohun tí ó ṣe inú rẹ̀, ojú ni ó kú. Àfi kí òun gbé e lọ sí ìsọ̀ títí di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.

Ó ní, "Ohun tó rú mi lójú, Àǹtí mi, ìka gbọ́dọ̀ kan dígí gan-an kó tó gbọ́. Èyí ń ṣe bí ẹni tí wọ́n fi ìrọ̀rí dí létí."

Òógùn bo aláṣọ-àga.

Aya kò sunkún. Ó kàn ń kó àwọn bébà tí ó kọ́kọ́ fi pẹ́ńsùlù ya ẹyẹ náà sí jọ, ó ní kò burú, kí wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún ẹni tí ó kàn. Ọkọ lè fara da ìjà rẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ yìí ni kò lè fara dà. Ó wọlé, ó ki èékánná bọ igun kan, ó sì ṣí ọ̀rá náà fààà, bí ẹni ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Àbúrò lanu. "Ẹ̀gbọ́n, mo mà nù ún. N ò rí i."

"O ò lè rí i," ni ọkọ wí, ìtìjú àti ìgbéraga ń jà lójú rẹ̀. "Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni."

Ìka aya ti wà lójú ẹyẹ. Kí oòrùn tó dé àtàrí, àwòrán ti lọ, èsì sì ti dé pé ó tẹ́ wọn lọ́rùn. Ìgbà náà ni ó tó yíjú sí ọkọ rẹ̀, ó wò ó títí ẹ̀rín fi bọ́ mọ́ ọn lẹ́nu.

"Ẹ̀jẹ́ tí ẹ jẹ́ ńkọ́, baálé mi?"

Ọkọ ní òun kò gbàgbé, pé òun kò kàn fẹ́ kí ojú kọ̀ǹpútà náà họ ni. Aya ní kí ó wá jókòó síbi tí òun yóò ti máa rí ọwọ́ rẹ̀.

Ó jókòó. Ó ń ká ọ̀rá náà díẹ̀díẹ̀, ojú rẹ̀ sì ń wọn fóònù tí àbúrò aya rẹ̀ gbé sórí tábìlì, ìbú rẹ̀ àti òró rẹ̀. Àbúrò rí i. Ó mú fóònù rẹ̀, ó tì í bọ àpò.