Òdòdó tí Mo Gbé sí Ẹlẹ́jà

Ọjọ́ tí gbogbo abúlé jáde láti fa koríko inú odò Ẹlẹ́jà ni ojú èmi àti Babájídé kọ́kọ́ ṣe mẹ́rin. Èrò pọ̀ létí odò bí ọjọ́ ìkórè ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn ọkùnrin wà nínú omi dé àyà, àwa obìnrin tò sí bèbè, à ń gba koríko lọ́wọ́ wọn, à ń fi agbọ̀n kó o lọ dà sínú igbó. Mo gbójú sókè láti nu òógùn, mo sì rí i ní òdìkejì. Ẹrẹ̀ ti bò ó dé ìbàdí, ó di koríko kan mú pẹ̀lú òdòdó rẹ̀ aláwọ̀ àlùkò, ó ń wò mí. Mo fẹ́ gbójú kúrò, ọrùn mi kọ̀. Ọkàn mi fò sókè, ó sì já lulẹ̀ lẹ́sẹ̀kan náà, torí òdòdó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ yẹn, èmi ni mo gbé e wá sí Ẹlẹ́jà.

"Ọmọ́yẹni, agbọ̀n rẹ ti kún o!" Fúnkẹ́ ọ̀rẹ́ mi kígbe. "Àbí ọmọ Bàbá Dúródọlá lo fẹ́ kó sínú ẹ̀?"

Àwọn obìnrin bú sẹ́rìn-ín. Ìyá àgbà kan ní, "Ẹ jẹ́ á ṣe uṣẹ́ o jàre. Baba ti ba odò wa jẹ́, ọmọ tún fẹ́ gbé ọmọ wa lọ ulé."

Ẹ̀rín náà kú. Èmi nìkan ni mo mọ̀ pé irọ́ ni wọ́n ń pa mọ́ baba yẹn.

Ọdún 2001 ni mo lọ lo ìsinmi lọ́dọ̀ àbúrò ìyá mi ọkùnrin ní Ìkòròdú. Ó gbẹ́ kòtò onísìmẹ́ńtì kan sẹ́yìn ilé, omi ìdọ̀tí ilé ń gba ibẹ̀ kọjá, koríko yìí ló sì léfòó lójú rẹ̀. Ó ní gbòǹgbò rẹ̀ ló ń fa ìdọ̀tí mu. Omi á wọlé ní dúdú, á jáde ní mímọ́. Mo fi ojú mi rí i. Ẹlẹ́jà ni mo ronú kàn, níbi tí ìyá mi àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń rẹ ẹ̀gẹ́, tí omi ń rùn, tí gbogbo ẹsẹ̀ wọn ń yún wọn. Mo gbé ẹyọ mẹ́ta sínú garawa, mo wọkọ̀ dé Òyè, mo gun ọ̀kadà kọjá Ayédé dé ilé. Mi ò sọ fún ẹnì kankan. Mo fẹ́ kí omi náà kàn ṣàdédé mọ́, bí iṣẹ́ ìyanu.

Ó sì mọ́. Láàárín oṣù méjì, èèyàn lè rí òkúta ìsàlẹ̀ odò. Àwọn obìnrin rí koríko náà, wọ́n ní ojú oró ni. Ẹ sáà mọ̀ pé ojú oró ní í lékè omi. Ẹni tó bá fẹ́ pọn omi á kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án, á ní òun náà á lékè ọ̀tá. Ọmọ tó bá fà á tu á jẹ kòbókò. Bẹ́ẹ̀, ní Ìkòròdú, gbogbo Sátidé ni àbúrò ìyá mi máa ń fa ìdajì rẹ̀ dànù. Mo rí i, mo rò pé ìmọ́tótó lásán ni. Ta ni ì bá tiẹ̀ gbà fún mi kí n máa fa àdúrà àwọn èèyàn kúrò lójú omi?

Òjò ọdún kejì ló tú wa fó. Koríko bo odò láti bèbè dé bèbè, èyí tó kú ń jẹrà lábẹ́ èyí tó wà láàyè. Omi dúdú ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ẹja kú, ẹ̀fọn pọ̀, ibà dá àwọn ọmọdé dùbúlẹ̀. Kò sẹ́ni tó tún rántí àdúrà mọ́. Ẹlẹ́bi ni wọ́n ń wá. Bàbá Dúródọlá ni ojú wọn bà lé. Ará Ìlógbò ni, ọdún kọkànlá rẹ̀ lọ́dọ̀ wa nìyẹn. Ó gbẹ́ adágún ẹja sẹ́bàá Ẹlẹ́jà, ọdún tí koríko dé ló sì lọ ra ọmọ ẹja wá láti ọ̀nà jíjìn. Wọ́n ní inú omi ẹja rẹ̀ ni koríko ti wá. Lálẹ́ ọjọ́ tí a jáde fa koríko, àwọn àgbà fún un ní ọjọ́ mẹ́sàn-án: kó jẹ́wọ́, tàbí kó fi ilẹ̀ sílẹ̀.

Ọjọ́ kejì iṣẹ́ ìlú yẹn, Babájídé yọ sí wa lójúlé.

"Ẹ káàsán o, màmá. Agbọ̀n ni mo wá yá."

"Agbọ̀n mẹ́ta wà lẹ́yìn ilé yín, mo gba ibẹ̀ kọjá láàárọ̀," ni ìyá mi dáhùn. "Ọmọ́yẹni, gbé agbọ̀n fún un, kó má baà dákú sí wa lọ́rùn."

Mo sìn ín dé oríta. Ó ń kàwé ní Ìbàdàn, ohùn rẹ̀ tutù bí ọ̀sán ọjọ́ òjò. Ó padà wá lọ́jọ́ kejì, ó tún wá lọ́jọ́ kẹta. Ní ọjọ́ kẹrin ó ní, "Bí mo bá rí ẹni tó gbé koríko yìí wá, Ọmọ́yẹni, mi ò ní nà án. Mo kàn máa ní kó wá wo ojú bàbá mi. Wọn kì í jẹun mọ́."

Mo fẹ́ sọ ọ́. Mo la ẹnu, ó sì fi ìwé kan sí mi lọ́wọ́, ojú ewé mẹ́rin, òórùn dídùn ń ti ara rẹ̀ jáde. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé èmi ni omi, òun ni ẹja, pé bí òun bá kúrò lọ́dọ̀ mi òun á kú. Mo sunkún títí ìwé náà fi rin. Ó ní kí n kọ èsì.

Mo kọ mẹ́ta, mo fà wọ́n ya. Gbogbo wọn ló dùn, gbogbo wọn ló jẹ́ irọ́. Ìkẹrin kò dùn rárá.

Ọjọ́ kẹsàn-án pé. Iwájú ilé Baálẹ̀ kún fọ́fọ́. Ọkọ̀ akẹ́rù dúró sẹ́bàá ọ̀nà, ibùsùn Bàbá Dúródọlá ti wà lórí rẹ̀. Baba náà dìde, aṣọ rẹ̀ ti tóbi jù ú lọ.

"Mi ò mọ̀ ọ́n," ó ní. "Ẹ̀yin tí ẹ ti jẹ ẹja mi, tí mo bá yín sin òkú yín, mi ò mọ̀ ọ́n."

"Ṣé ẹnì kan tún ní ọ̀rọ̀?" Baálẹ̀ bi àwọn èèyàn.

Ọmọbìnrin tí kò tíì lọ́kọ kì í dìde sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ìyá mi wà láàárín àwọn obìnrin, ó ń họ ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń yún un. Mo gba àárín èrò kọjá lọ bá Babájídé níbi tó dúró sí lẹ́yìn baba rẹ̀. Ó rí àpò ìwé lọ́wọ́ mi, ojú rẹ̀ sì mọ́lẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà.

"O ti kọ èsì," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́.

"Kì í ṣe èsì. Kà á sókè, kí gbogbo wọn gbọ́."

"Lójú bàbá mi?"

"Lójú bàbá rẹ gan-an. Kó tó di pé wọ́n wọ ọkọ̀."

Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kò tíì mọ ohun tó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti ń bẹ̀rù rẹ̀. Ìka mi ò fẹ́ tú kúrò lára ìwé náà. Mo fi ọwọ́ kejì tú wọn, mo sì nà án sí i.

Ó gbà á.