Ògiri Tí Kò Rí Èémí Mí

Ojo ni Denzil Luscombe láti kékeré. Àmọ́ ẹ̀rù tó bà á lọ́sàn-án Sọ́ńdè yẹn, ẹ̀rù òótọ́ ni.

Amọ̀ pupa àti koríko gbígbẹ ni àwọn baba ńlá wọn ní Devon, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi mọ ògiri ilé ọtí rẹ̀. Ẹfun ni wọ́n fi ń rẹ́ ẹ, kí ògiri lè máa mí. Ṣùgbọ́n nígbà ẹ̀rùn, Denzil fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ, kó lè máa dán lójú àlejò. Kò sọ fún ẹnì kankan. Òjò wá dé, omi gba abẹ́ òrùlé koríko wọnú amọ̀, kò rọ́nà jáde.

Bó ṣe ń bu bíà, ó rí i pé ògiri ẹ̀gbẹ́ ààrò ti yọ ikùn. Abẹ́ ibẹ̀ gan-an ni Baba Endacott, àgbà abúlé, jókòó sí.

"Baba, ẹ jọ̀ọ́... ẹ sún síbí."

"Kí n sún ṣe kí ni? Orí àga yìí ni bàbá ẹ bá mi!"

"Ògiri yẹn... kò dáa mọ́."

Baba fọ́wọ́ gbá ògiri, gbàà!

"Òrùlé ni fìlà ẹ̀, òkúta ìsàlẹ̀ ni bàtà ẹ̀. Ilé tó dé fìlà, tó wọ bàtà, kí ló fẹ́ ṣe é?"

"Ẹ má dá a lóhùn, Baba," ni Gwenda, ìyàwó alápatà, wí. "Ṣebí òun náà ló pariwo iná lọ́jọ́sí? Kùrukùru ló rí!"

Gbogbo ọ̀mùtí inú ilé bú sẹ́rìn-ín. Eruku pupa ń dà sí èjìká Baba, kò mọ̀. Denzil kàn na ọwọ́ sí agogo tí wọ́n fi ń lé ọ̀mùtí lọ sílé, ó fà á kíkankíkan.

"Ó tó o! Ẹ jáde!"

Ẹnì kankan kì í bá agogo yẹn jiyàn nílẹ̀ wọn.

"Lọ́sàn-án gangan? Orí ẹ ti yí!" Wọ́n ń bú u, wọ́n sì ń jáde. Baba gbé ife ẹ̀ dání, ó ń kùn tẹ̀lé wọn sínú òjò.

Bí Denzil ṣe jáde tẹ̀lé wọn, ògiri rọra wó jókòó sílẹ̀ bí ẹni tó rẹ̀. Kò tilẹ̀ pariwo púpọ̀. Ẹ̀rín tán lẹ́nu gbogbo wọn. Baba tẹjú mọ́ awẹ́ sìmẹ́ńtì tó nà gbalaja lórí amọ̀ tútù.

"Denzil, ta ló fi eléyìí rẹ́ ẹ?"

Denzil gbójú sókè, ó rí ìtì igi òrùlé tó ń tẹ̀ lábẹ́ koríko.

"Ẹ sún sẹ́yìn, Baba," ló sọ. "Òrùlé ṣì kù."