Okùn Yukulélé Oyèbọ́lá

Tó bá jẹ́ pé kí Oyèbọ́lá jókòó ta yukulélé ni, kò sí ẹni tó lè bá a du ipò ní gbogbo Ìjokò. Ìdúró ni wàhálà.

Gìtá kékeré olókùn mẹ́rin ni yukulélé ọ̀hún, kò tóbi ju ọmọ ọwọ́ lọ. Ìjọ wọn ló rà á, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, ni Oyèbọ́lá bá gbé e wálé. Orí bẹ́ẹ̀dì ló ti fi fóònù kọ́ ọ, tó ká ẹsẹ̀ kò. Yàrá rẹ̀ kọjú sí tèmi, ibi iṣẹ́ kan náà la sì jọ ń lọ, nítorí náà gbogbo àṣìṣe rẹ̀ ni mo gbọ́, títí wọ́n fi di orin. Nígbà tó yá ó kọ orin kan fúnra rẹ̀. Orin náà dùn débi pé ìjọ ní òun ni àwọn yóò fi ṣí ilé ìsìn tuntun ní ọjọ́ Àìkú.

Àfi bí Bùọ̀dá Ṣóbándé, olórí àwọn akọrin, ṣe dìde lọ́jọ́ ìfidánrawò.

"Lórí pẹpẹ tuntun, gbogbo wa la máa dúró," ló wí. "Ìkòkò òdòdó ti pọ̀ níwájú. Ẹni tó bá jókòó, ṣóńṣó gèlè rẹ̀ nìkan ni kámẹ́rà máa rí."

Oyèbọ́lá ní, "Bùọ̀dá, ọwọ́ òsì ń tẹ okùn, ọwọ́ ọ̀tún ń ta á. Ta ló máa wá gbé e dúró? Ṣé kí n fi eyín bù ú mú ni?"

"Wá nǹkan tó máa gbé e kọ́ ọ lára. Tí kò bá ṣeé ṣe, Fọlájìmí á bá wa fi dùùrù kọ ọ́."

Fọlájìmí yìí, ọmọ yunifásítì ni, ó mọ dùùrù tẹ̀, n kò sì bá a ní ìjà kankan. Ṣùgbọ́n orin tí ọ̀rẹ́ mi bí, kí ẹlòmíràn wá gbà á pọ̀n? Oyèbọ́lá délé, kò fẹnu kan oúnjẹ. Èmi Làtífátù, mùsùlùmí ni mí, ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì kò kàn mí. Ọ̀rọ̀ Oyèbọ́lá ló kàn mí.

Bí a ṣe jáde níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, a gba Toll Gate lọ, sí ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ta ohun èlò orin. Ọmọkùnrin tó wà níbẹ̀ mú bẹ́líìtì fífẹ̀ kan jáde, tí ihò wà lórí rẹ̀ méjèèjì.

"Èyí ló dáa jù, àǹtí. Ṣùgbọ́n yukulélé yín kò ní bọ́tìnì tá a máa fi kọ́ ọ. A máa lu ihò méjì sí i, ọ̀kan nídìí, ọ̀kan níbi tí ọrùn rẹ̀ ti so mọ́ ara."

Oyèbọ́lá gbá yukulélé mọ́ra bí ẹni rí gbọ́mọgbọ́mọ. "Lu ihò sí kí ni? Ti ìjọ ni o! Bùọ̀dá Ṣóbándé ti kìlọ̀ pé ẹni tó bá dá ihò sí ohun ìjọ lára, kó má padà wá mọ́."

"Èyí tí kò ní ihò náà wà. Okùn tín-ín-rín ni, ẹ ó gbé e kọ́rùn, á gba abẹ́ ikùn rẹ̀ kọjá, ìkọ́ rẹ̀ á wá mú ẹnu ihò ńlá tó wà láàárín yìí. Ṣùgbọ́n ó ti tán. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."

Mo ní, "Ọjọ́ Àìkú yìí la fẹ́ kọrin. Ṣé ìwọ lo máa wá dúró tì í, kó o máa bá a gbé e?"

"Àǹtí, ẹ má bínú."

"Mi ò tíì bínú. Tí mo bá bínú, wàá mọ̀."

A jáde. A dúró létí títì, à ń retí ọkọ̀ Ìjokò, ni mo rí i pé Oyèbọ́lá tẹjú mọ́ àyà mi.

"Kí lò ń wò?"

"Okùn káàdì rẹ."

Ẹni tó bá mọ Ọ̀tà mọ̀ pé ọrùn tí kò ní okùn káàdì kò pọ̀ níbẹ̀. Tiwa aláwọ̀ ewé, ti yunifásítì, ti báńkì, gbogbo wa la so káàdì ìdánimọ̀ mọ́rùn bí ewúrẹ́ tí wọ́n ń mú lọ ọjà. Ìkọ́ irin sì wà ní ìdí okùn wa. Oyèbọ́lá bọ́ tirẹ̀, ó wo ìkọ́ náà, ó bú sẹ́rìn-ín. Bí a ṣe délé, ó fi àkísà wé ìkọ́ náà kó má baà ha igi, ó gbé okùn kọ́rùn, ó gbà á lábẹ́ yukulélé, ó fi í mú ẹnu ihò. Ó dìde dúró. Ó ta á. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í jó.

Ló bá tẹ̀ síwájú díẹ̀. Pàá! Okùn já lẹ́yìn ọrùn rẹ̀. Bí kì í bá ṣe pé orí aṣọ tí a kó jọ láti fọ̀ ni yukulélé bọ́ sí, ọ̀rọ̀ ìbá ti di ẹkún.

Okùn kọ́ ló já o. Oríkèé oníke kan wà níbẹ̀ tí ilé iṣẹ́ mọ̀ọ́mọ̀ fi sí i: tí nǹkan bá fa okùn náà, á tú fúnra rẹ̀. Wọ́n sọ fún wa lọ́jọ́ tí wọ́n pín káàdì. Gbogbo wa gbọ́, ṣùgbọ́n bísíkíìtì tí wọ́n pín mọ́ ọn la rántí.

"Oníyẹ̀yẹ́ ni oríkèé yìí," ni Oyèbọ́lá wí. Ó mú abẹ́rẹ́ àti òwú ọ̀rá. Èmi ni mo ki òwú bọ̀ ọ́ lójú. Ó rán ojú oríkèé náà pa, ó rán án bí ẹni ń rán ẹnu àpò ìrẹsì. Ó tún yukulélé gbé kọ́. Ó tẹ̀ síwájú, ó fò sókè, ó yí bírí. Okùn dúró gbọn-in.

"Látì! Mo ti dúró o!"

Inú wa dùn, a sùn.

Ilẹ̀ mọ́, a gbọ́dọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Láìsí káàdì, wọn kì í ṣí géètì fún ẹnikẹ́ni, okùn kan ṣoṣo ló sì ní. Ó dá káàdì padà sídìí okùn, ó gbé e kọ́rùn.

Ọ̀rá àpò là ń ṣe níbẹ̀. Róólà irin méjì ló kọjú síra, tí wọ́n ń yí, tí wọ́n ń gbé ọ̀rá mì. Òfin ni pé kí oníkálukú ki káàdì rẹ̀ bọ àpò àyà. Oyèbọ́lá ki tirẹ̀ bọ àpò. Ṣùgbọ́n ọ̀rá ká jọ, ó tẹ̀ síwájú láti fà á yọ, káàdì yọ jáde, róólà sì gbà á.

Mo rí orí rẹ̀ tó ń lọ sílẹ̀, mo rò pé ohun kan ló fẹ́ ṣà nílẹ̀. Kò pariwo. Ohùn kò lè jáde. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ló fi ń ti irin náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀. N kò mọ bí mo ṣe dé ibi bọ́tìnì pupa. Ẹ̀ṣẹ́ ni mo fi lù ú.

Ẹ̀rọ náà dúró.

Láàárín ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ àti róólà, ìka kan kò lè kọjá. Ọ̀gá Ògúndèjì, súpáfáísọ̀ wa, sáré mú abẹ tá a fi ń gé ọ̀rá, ó gé okùn náà. Oyèbọ́lá ṣubú lé mi láyà, ó fa èémí bí ẹni tó jáde látinú odò. Mo ń pariwo "Alihamudulilahi," òun ń wí "Jésù ṣeun," Ọ̀gá Ògúndèjì sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú epo ẹ̀rọ.

Nígbà tó yá, ó ṣa èyí tó kù nínú okùn. Ó rí òwú.

"Ta ló rán èyí?"

Mo ní, "Àwa méjèèjì ni, ọ̀gá."

"Ṣé orí yín dá báyìí? Ṣé ẹ̀ ń gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú ikú ni? Ẹ̀yin òpònú!"

"Ẹ bú wa, ọ̀gá. Ẹ bú wa dáadáa. Ẹni tó bá wà láàyè ni wọ́n ń bú."

Ó wò mí, ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ èébú láti ìbẹ̀rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì ilé iṣẹ́ yẹ Oyèbọ́lá wò. Ilà pupa kan tó yí ọrùn rẹ̀ ká nìkan ló rí. Nínú ọkọ̀ tó ń gbé wa padà sílé, Oyèbọ́lá ní, "Kí Fọlájìmí máa fi dùùrù kọ orin yẹn. Orin ni, kì í ṣe ẹ̀mí."

Bí a ṣe dé Ìjokò, mo wọlé lọ gbé yukulélé, mo fa Oyèbọ́lá lọ́wọ́, ó di ilé ìsìn tuntun. Bùọ̀dá Ṣóbándé wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn káfíńtà tó ń parí pẹpẹ.

"Ẹ kú iṣẹ́, Bùọ̀dá Ṣóbándé. Èmi kì í ṣe ọmọ ìjọ yín, nítorí náà ẹ kò lè lé mi jáde nínú ìjọ. Ẹ wo ọrùn obìnrin yìí."

Ó wò ó. "Kí ló ṣe é?"

Mo rò ó fún un, látorí ṣọ́ọ̀bù títí dórí róólà. "Gbogbo rẹ̀ nítorí kí igi yìí má baà ní ihò méjì!"

Ọkùnrin náà ṣí fìlà. Ojú rẹ̀ ti yípadà. "Oyèbọ́lá, kí ló dé tó ò bi mí?"

"Ẹ̀yin lẹ ní ẹni tó bá dá ihò sí ohun ìjọ lára..."

"Èèyàn tó ki ìṣó bọ ẹ̀rọ gbohùngbohùn ni mò ń bá wí! Ihò bọ́tìnì? Nítorí ihò bọ́tìnì lo ṣe fẹ́ kú? Áà!" Ó yíjú sẹ́yìn. "Ọláìtán! Fi pákó yẹn sílẹ̀. Bá wa mú ẹ̀rọ ìluhò wá, èyí tí ẹnu rẹ̀ kéré jù."

Oyèbọ́lá dijú. Ẹ̀rọ náà ké ṣíín, eruku igi díẹ̀ já bọ́. Ó tún ké. Igi kò sán. Nígbà tó ta okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ohùn wọn dán bíi tàtẹ̀yìnwá, òun àti Bùọ̀dá Ṣóbándé sì mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ní ọjọ́ Sátidé a padà sí Toll Gate. Mo ní kó mú aṣọ ìkọrin rẹ̀ dání, nítorí aṣọ ọ̀hún ń dán, ó ń yọ̀ bí ilá. Ó wọ̀ ọ́ láàárín ṣọ́ọ̀bù, ó dán bẹ́líìtì wò lórí rẹ̀. Èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ ń jẹ ẹ́ léjìká. Aláwọ rẹwà bí nǹkan míì, ṣùgbọ́n ó ń yọ̀ bọ́ léjìká rẹ̀. Olówùú fífẹ̀ ló dúró, èyí tí inú rẹ̀ rí ṣákiṣàki. Ó gbà á léjìká òsì, ó gba ẹ̀yìn kọjá sí abẹ́ apá ọ̀tún, kò dé ọrùn rárá. Ọmọkùnrin náà de bọ́tìnì méjèèjì mọ́ inú ihò.

"Okùn ọlọ́rùn yẹn náà ti tètè dé o, àǹtí," ló wí, ó ń fì í lójú wa.

"Gbé e jìnnà sí mi!" ni àwa méjèèjì pariwo.

Ọjọ́ Àìkú, ẹ̀yìn pátápátá ni mo jókòó, pẹ̀lú ìborùn mi. Oyèbọ́lá dúró lẹ́yìn àwọn ìkòkò òdòdó, láti orí dé ìbàdí la rí i. Ó ta orin rẹ̀. N kò lè sọ bó ṣe dùn tó, nítorí bẹ́líìtì nìkan ni mo ń wò.

Orin parí, pásítọ̀ gba gbohùngbohùn. "Ẹ gbé ọwọ́ yín méjèèjì sókè, kí ẹ dúpẹ́!"

Gbogbo ilé gbé ọwọ́. Oyèbọ́lá náà jọ̀wọ́ yukulélé. Ọwọ́ méjèèjì! Mo fò dìde, "Dì í mú!" ti wà lẹ́nu mi.

Yukulélé fì lẹ́ẹ̀kan, ó sinmi sí i níkùn, ó dúró síbẹ̀. Àwọn yòókù ti sọ ọwọ́ kalẹ̀, tirẹ̀ ṣì wà lókè, ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò sì sí nǹkan kan tó ń já bọ́.